ÌGBÉSÍ AYÉ VINCENT DE PAUL MÍMỌ́, OLÙBỌ́ ÀWỌN TÍ OGUN SỌ DI ALÁÌNÍLÉ

Kò sí ẹni tí ń wá sí Mísà ní ìjọ wa tí kò tí ì gbọ́ orúkọ Vincent de Paul Mímọ́. Orúkọ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn tí ń bẹ opó àti aláìsàn wò ń jẹ́, àwòrán rẹ̀ sì wà nínú ilé púpọ̀: àlùfáà arúgbó kan tí ó dé fìlà dúdú kékeré, tí ó gbé ọmọ ọwọ́ sí apá. Nítorí àwòrán yìí, bàbá àwọn ọmọ tí a gbé sọ nù ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n sí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìgbésí ayé rẹ̀ tí a kì í sábà gbọ́ nínú ìwàásù, èyí ni nǹkan bí ogún ọdún tí ó fi bọ́ odidi ìlú àti agbègbè tí ogun ti sọ di ahoro. Apá yìí ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ará nínú ìwé ọdún ayọ̀ yìí.

Abúlé Pouy, lẹ́bàá ìlú Dax ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ni a bí i sí ní oṣù kẹrin ọdún 1581. Àwọn mìíràn sọ pé 1580 ni. Jean de Paul ni bàbá rẹ̀, Bertrande de Moras ni ìyá rẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ọmọ mẹ́fà ni wọ́n sì bí, òun ni ìkẹta. Ẹlẹ́dẹ̀ àti àgùntàn ni ó ń dà kiri nígbà èwe rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rí i pé orí ọmọ náà pé, ó fi í sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn Fransisi Mímọ́ ní Dax kí ó lọ kàwé, nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Toulouse sì kan, ó ta màlúù méjì tí ó fi ń túlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí àgbẹ̀ tí ó ta ohun tí ó fi ń jẹun nítorí ìwé ọmọ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ní ọjọ́ kan bàbá rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ wò ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Dax. Aṣọ tálákà ni ó wọ̀, ẹsẹ̀ kan sì ń dùn ún tí ó fi ń tiro. Ojú ti Vincent láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó kọ̀, kò jáde sí i. Nígbà tí ó di arúgbó tí gbogbo ilẹ̀ Faransé ń bọlá fún un, òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn àlùfáà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, ta ni ìbá mọ̀?

A fi í jẹ àlùfáà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1600, nígbà tí kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún, bẹ́ẹ̀ òfin Ìjọ Mímọ́ sì ti sọ pé kí ó pé mẹ́rìnlélógún. Kí a má fi bò, ipò àti owó ni ó ń wá. Ó fẹ́ rí ìjọ kan tí owó ibẹ̀ yóò tó o jẹ, kí ó lè ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì sinmi. Lẹ́tà kan wà tí ó kọ ní 1607, nínú èyí tí ó sọ pé àwọn olè ojú òkun mú òun, tí wọ́n tà òun lẹ́rú ní Tunis, tí òun sì sá àsálà lẹ́yìn ọdún méjì. Àwọn onímọ̀ ìtàn kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Òun fúnra rẹ̀ kò tún sọ ọ́ mọ́, ní òpin ayé rẹ̀ ó tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí a dá lẹ́tà náà padà fún òun. A ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó yí i padà ṣẹlẹ̀ ní 1617, kì í sì í ṣe ìran tàbí ohùn láti ọ̀run. Ó wà ní ìjọ kékeré kan nígbà náà, ní Châtillon-les-Dombes. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù kẹjọ, bí ó ti ń wọ aṣọ Mísà, a wá sọ fún un pé ìdílé kan wà lẹ́yìn ìlú tí gbogbo wọn dùbúlẹ̀ àìsàn, tí kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó lè bu omi fún ẹnìkejì. Ó sọ ọ́ nínú ìwàásù, ọ̀rọ̀ náà sì wọ àwọn ènìyàn lọ́kàn. Lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́ ó mú ọ̀nà pọ̀n láti lọ wo àwọn aláìsàn náà. Kí ni ó rí? Ọ̀nà kún fún àwọn obìnrin bí ìgbà tí a bá ń rìn tẹ̀lé Ara Olúwa. Àwọn kan ń lọ, àwọn kan ń bọ̀, àwọn kan jókòó lábẹ́ igi nítorí oòrùn mú. Gbogbo wọn ni ó gbé oúnjẹ lọ́wọ́.

Àlùfáà mìíràn ìbá kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ó padà sílé. Vincent dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó tún ronú. Ó rí i pé oúnjẹ tí a gbé lọ ní ọjọ́ kan yìí pọ̀ ju ohun tí ìdílé náà lè jẹ lọ, pé púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò bàjẹ́, àti pé bí ọ̀sẹ̀ bá parí, ebi yóò tún pa wọ́n bí ti tẹ́lẹ̀. Ìfẹ́ pọ̀, kò sí ètò. Kí oṣù náà tó parí, ó ti pe àwọn obìnrin náà jọ, ó sì fi wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ìfẹ́-Àánú sílẹ̀, kí wọ́n máa ṣe oúnjẹ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́-ọ̀wọ́. Ó kọ òfin fún wọn, mo sì gbà pé kò sí ìwé rẹ̀ tí ó dára jù ú lọ. Ó sọ iye ẹran àti irú ọbẹ̀ tí a ó fún aláìsàn, bí a ó ti tẹ́ aṣọ sí orí tábìlì rẹ̀, bí a ó ti kí i kí a tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó tún ní kí obìnrin tí ó ń pín oúnjẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn tí wọ́n ní ènìyàn lọ́dọ̀, kí ó sì fi ẹni tí ó dá wà ṣe ìkẹyìn, kí ó lè pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

A ó sáré kọjá lórí àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ní 1625 ó dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àlùfáà Míṣọ́nì sílẹ̀ láti máa wàásù fún àwọn ará oko. Ní 1632 wọ́n gba ilé ńlá Saint-Lazare ní ẹ̀yìn odi Parísì, ibẹ̀ ni ayé fi ń pè wọ́n ní Lazariste. Ní 1633 òun àti opó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Louise de Marillac dá Àwọn Ọmọbìnrin Ìfẹ́-Àánú sílẹ̀. Àwọn ọmọ oko ni ó pọ̀ jù nínú wọn, a kò sì sé wọn mọ́ inú ilé bí àwọn Sísítà ìgbà náà: àárín ọjà àti ilé aláìsàn ni iṣẹ́ wọn wà. Àwọn ìyáàfin ọlọ́lá Parísì náà ti kó ara wọn jọ yí i ká. Nígbà tí ìjàm̀bá dé, àwọn tí a ó rán níṣẹ́ ti wà nílẹ̀.

Ìjàm̀bá náà ni ogun tí a ń pè ní Ogun Ọgbọ̀n Ọdún. Ilẹ̀ Faransé wọ inú rẹ̀ ní gbangba ní 1635. Agbègbè Lorraine, tí ó wà láàárín ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Jámánì, ni ó jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ọmọ ogun Faransé, ti Swídìn àti ti ọba ńlá Jámánì gba ibẹ̀ kọjá lọ, wọ́n tún gba ibẹ̀ padà, olúkúlùkù ń kó ohun tí ẹni ìṣáájú fi sílẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tẹ̀lé wọn. Àgbẹ̀ kò lè gbìn, ìyàn sì mú. Àwọn ènìyàn ń wú gbòǹgbò igi jẹ, ìkookò ń wọ inú ìlú wá. Ju ìdajì àwọn ará ilẹ̀ náà ni ó kú tàbí tí ó sá lọ. Ẹni tí a bí ní Kétu kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ìtàn ọdún 1886, nígbà tí ogun Dàhọ̀mì yí odi ká tí oúnjẹ tán nínú ìlú, kò tí ì kúrò ní ẹnu àwọn ará ibẹ̀.

Ní 1639 Vincent bẹ̀rẹ̀ sí rán àwọn àlùfáà àti àwọn arákùnrin rẹ̀ sí Lorraine: Toul, Metz, Verdun, Nancy, Bar-le-Duc, Pont-à-Mousson, Saint-Mihiel. Wọ́n ń pín búrẹ́dì, ọbẹ̀, aṣọ àti oògùn, wọ́n ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì ń sin òkú. Ó pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n gba ìmọ̀ràn àlùfáà ìjọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pín ohunkóhun, kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ohun tí wọ́n pín, kí wọ́n sì fi ìṣirò ránṣẹ́ sí Parísì, nítorí owó ẹlòmíràn ni. Ní Bar-le-Duc, àlùfáà ọ̀dọ́ kan, Germain de Montevit, kò sinmi tọ̀sán-tòru títí àrùn fi mú òun náà, ó sì kú ní ìbẹ̀rẹ̀ 1640. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àwọn aláìní tí ó ti bọ́ ni ó tẹ̀lé òkú rẹ̀ dé ibojì, wọ́n ń sunkún bí ẹni pé bàbá wọn ni.

Báwo ni owó ṣe ń dé Lorraine, nígbà tí olè àti ọmọ ogun wà ní gbogbo ọ̀nà? Arákùnrin Mathieu Regnard ni ó ń gbé e. Kì í ṣe àlùfáà, kò sì sí ẹni tí yóò wo aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí alágbe ni ó ti ń múra, wúrà náà wà nínú àpò àgbà kan tí ó gbé kọ́ èjìká, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ju ìgbà 50 lọ ni ó lọ tí ó sì bọ̀, 20,000 livre tàbí jù bẹ́ẹ̀ sì ni ó máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá rí àwọn olè lókèèrè, á ju àpò náà sínú igbó tàbí sínú ẹrẹ̀, á sì máa bọ̀ wá pàdé wọn ní ọwọ́ òfo. Bí wọ́n bá ti yẹ ara rẹ̀ wò tán tí wọ́n lọ, á padà lọ mú un. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ayaba Anne fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè é kí ó wá sọ ìtàn àwọn ìrìn-àjò náà fún òun.

Àwọn ìyáàfin Ẹgbẹ́ Ìfẹ́-Àánú, ayaba, àwọn ọlọ́lá, ni ó ń dá owó náà. Àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ìtàn Vincent ṣírò gbogbo ohun tí ó lọ sí Lorraine sí nǹkan bí 1,600,000 livre. Ní Saint-Lazare pẹ̀lú, wọ́n ti yọ oúnjẹ kan kúrò lórí tábìlì láti ìgbà tí àwọn ará Sípéènì gba Corbie ní 1636. Vincent kò jẹ́ kí wọ́n dá a padà.

Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé a kò lè fi ọbẹ̀ pa iná ogun. Ó lọ bá Kádínà Richelieu, ẹni tí ìjọba wà ní ọwọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi omijé bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún ilẹ̀ Faransé ní àlàáfíà. Kádínà náà dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé àlàáfíà kò sí ní ọwọ́ òun nìkan. Ogun náà tẹ̀síwájú.

Nígbà tí ó yá, ogun abẹ́lé tí a ń pè ní Fronde bẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1649, ayaba àti Kádínà Mazarin jáde kúrò ní Parísì, wọ́n sì fi ọmọ ogun yí ìlú náà ká kí ebi lè pa á títí yóò fi tẹríba. Vincent ti sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Ó gun ẹṣin jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó gba inú omi odò Seine tí ó kún bo ọ̀nà kọjá ní Neuilly, ó sì dé Saint-Germain pẹ̀lú aṣọ tútù lára. Ó sọ fún ayaba pé kò tọ́ kí aláìṣẹ̀ púpọ̀ tó báyìí kú fún ebi, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí Mazarin fi ipò sílẹ̀. Ó tún lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún Mazarin lójúkojú. Wọn kò gbọ́. Àwọn ará Parísì ní tiwọn rò pé ọ̀dọ̀ ọ̀tá ni ó sá lọ: ọmọ ogun 800 wọ Saint-Lazare, wọ́n kó ọkà àti ìyẹ̀fun tí ó wà níbẹ̀, àwọn ìkógun mìíràn sì wọ oko rẹ̀. Kò lè padà wọ Parísì títí di oṣù kẹfà. Nínú òtútù yẹn, ó da nǹkan bí 240 àgùntàn kúrò lọ́nà àwọn ọmọ ogun. Iṣẹ́ tí ó ṣe nígbà èwe rẹ̀ ni ó tún padà sí i lọ́wọ́.

Ní 1650 ìjàm̀bá náà ti dé Picardie àti Champagne, owó àwọn ìyáàfin sì ti ń tán. Níbí ni a ti rí ohun tuntun kan. Charles Maignart de Bernières kó àwọn lẹ́tà tí àwọn àlùfáà Vincent ń kọ láti ojú ogun jọ, ó tẹ̀ wọ́n ní ìwé pélébé-pélébé, a sì ń pín wọn kiri Parísì àti àwọn ìlú mìíràn láti oṣù kẹsàn-án 1650 títí di òpin 1655. Ẹni tí kò rí Picardie rí lè kà nínú ilé rẹ̀ iye ẹni tí ó kú ní abúlé kan ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá àti ohun tí a nílò níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ àwọn Jansenist ni Maignart, Vincent sì ń bá ẹ̀kọ́ wọn jà kíkankíkan. Nídìí ọ̀rọ̀ búrẹ́dì, àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́.

Wọ́n tilẹ̀ tẹ bí a ti ń se ọbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Garawa omi márùn-ún ni a ó gbé ka iná, a ó rún búrẹ́dì bí 25 líbà sí i, a ó fi ọ̀rá sí i ní ọjọ́ tí a lè jẹ ẹran, bọ́tà ní ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, a ó fi ẹ̀wà tàbí kábéèjì tàbí àlùbọ́sà sí i, àti iyọ̀, a ó sì jẹ́ kí ó hó títí yóò fi ku garawa mẹ́rin. Ìgbákọ ni a ó fi pín in. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń se oúnjẹ ọjọ́ ọdún ìjọ, ẹ ó rí i pé ẹni tí ó kọ èyí ti dúró ti ìkòkò rí.

Ọdún 1652 ni ó burú jù ní Parísì. Àwọn ará oko sá wọ ìlú pẹ̀lú ọmọ wọn, àwọn Sísítà àti àwọn ọmọbìnrin kò ní ibi tí wọn yóò sùn. Vincent kọ̀wé ní oṣù kẹfà ọdún náà pé ènìyàn 14,000 sí 15,000 ni a ń fún ní ọbẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ìjọ Paulu Mímọ́ nìkan, ọmọbìnrin Louise de Marillac mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó ń bọ́ tálákà 5,000. Ní Étampes, níbi tí ogun méjì ti jà, òkú ènìyàn àti ti ẹṣin ń jẹrà ní òpópó. Àwọn àlùfáà àti àwọn Sísítà ní láti kọ́kọ́ sin òkú kí wọ́n tó lè gbé ìkòkò kaná. Nínú wọn náà kú níbẹ̀. A ṣí ilé ìkẹ́rù-sí ní erékùṣù tí ó wà láàárín odò Seine, níbi tí àwọn ará Parísì ń kó aṣọ, oúnjẹ àti ohun èlò wá, ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé wọn lọ.

Ohun kan wà tí Vincent kì í fẹ́: pé kí ẹni tí ó lè ṣiṣẹ́ máa jókòó de ọbẹ̀. Nígbà tí ogun rọlẹ̀, ó kọ̀wé sí Arákùnrin Jean Parre ní 1659 pé kí ó wá àwọn tí wọ́n ṣì ní ilẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ tí wọn kò ní irúgbìn, kí a fún wọn ní ohun tí wọn yóò gbìn, kí àwọn ọkùnrin rí irinṣẹ́, kí àwọn obìnrin sì rí kẹ̀kẹ́ ìrànwú àti òwú tí wọn yóò máa ran, kí wọ́n lè ti ọwọ́ ara wọn jẹun. Ẹni tí kò ní agbára mọ́ nìkan ni kí a máa bọ́ lọ títí.

Ẹsẹ̀ ti ń dùn ún nígbà náà. Egbò kún un, títí kò fi lè dúró rú ẹbọ Mísà mọ́. Louise de Marillac ṣáájú rẹ̀ kú, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 1660, kò sì lè lọ síbi ìbùsùn rẹ̀. Òun pẹ̀lú kú ní Saint-Lazare ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, lórí àga, pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn rẹ̀, ní ìdájí, ní wákàtí tí ó máa ń jí láti gbàdúrà.

Póòpù Clement Kejìlá kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 1737. Ní 1833 Frédéric Ozanam àti àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Parísì dá ẹgbẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ẹ mọ̀. Ní 1885 Póòpù Leo Kẹtàlá fi í ṣe alábòójútó gbogbo iṣẹ́ àánú nínú Ìjọ Mímọ́. Ní ti ilé Saint-Lazare, ní ọjọ́ 13 oṣù keje 1789, àwọn ará Parísì tí ebi ń pa fọ́ ọ wọlé, wọ́n ń wá ọkà, wọ́n sì kó èyí tí wọ́n rí lọ sí ọjà nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Egungun Vincent wà nínú ilé àdúrà àwọn àlùfáà rẹ̀ ní òpópó Sèvres ní Parísì láti 1830, lókè pẹpẹ, àtẹ̀gùn sì wà níbẹ̀ tí a lè gùn lọ wò ó.